Bí A Ṣe Ń Lo Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Náà "Staff" Bó Ṣe Yẹ

Ọ̀rọ̀ tí kò ṣọ̀wọ́n lẹ́nu wa ni "staff". Ó wà lára káàdì ìdánimọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé kọ́rùn, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì, ó wà lára ilẹ̀kùn yàrá tí àwọn tíṣà ti ń sinmi, ó sì wà nínú orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ owó oṣù. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń ka lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé ìtọrọ àyè ìsinmi àti ìkéde ọ́fíìsì wa kò ní pẹ́ rí "I am a staff of this bank" tàbí "All the staffs are invited", gbólóhùn méjèèjì kò sì bá ìlànà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ ní Bírítéènì tàbí ní Amẹ́ríkà mu. Bí a bá ń tàkúrọ̀sọ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, kò sí ẹni tí kò ní mọ ohun tí olùsọ̀rọ̀ ní lọ́kàn, èmi kò sì ní tìtorí rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń kọ ìwé sí ilé ìwòsàn kan ní Bírítéènì, ọ̀dọ́ tó fẹ́ jókòó fún ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS, àti akọ̀wé tí ìròyìn ọdọọdún iléeṣẹ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ojú ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ní ni àwọn tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń wo àṣìlò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún

"Staff" túmọ̀ sí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ibì kan, lápapọ̀. Kò túmọ̀ sí ẹnì kan nínú wọn. Bí ènìyàn bá lè fi èyí sọ́kàn, èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣòro ọ̀rọ̀ náà ti yanjú.

Ohun tó ń ṣì wá lọ́nà ni ọ̀rọ̀ tiwa, "òṣìṣẹ́". Òṣìṣẹ́ lè jẹ́ ẹnì kan, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún. A ó sọ pé òṣìṣẹ́ kan, òṣìṣẹ́ mẹ́ta, gbogbo òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní yí padà rárá. Nígbà tí a bá wá fi "staff" sí ibi tí "òṣìṣẹ́" wà, a máa ń retí pé kí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ kó wá síni lọ́kàn ni "ẹgbẹ́". Kò sí ẹni tó ń sọ pé "ẹgbẹ́ ni mí". "Ọmọ ẹgbẹ́ ni mí" ni gbogbo wa ń sọ. Ẹgbẹ́ kan lè ní ogójì ènìyàn nínú, ẹgbẹ́ méjì sì ni a máa pè ní ẹgbẹ́ méjì, a kò ní ka orí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kí a wá pè wọ́n ní ogójì ẹgbẹ́. Bí "staff" ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ máa bi ara yín nígbà gbogbo bóyá ẹgbẹ́ ni ẹ ń sọ nípa rẹ̀ tàbí ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹnì kan ṣoṣo

Fún ẹnì kan, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn ará Bírítéènì sábà máa ń kọ "She is a member of staff"; àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn "She is a staff member", òun náà sì ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lò nínú ìwé òfin òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú "a member of staff", kò pọn dandan kí "the" ṣáájú "staff". Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ibi iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ ọn ni ó máa ń wọlé, bíi "a member of the staff of the college".

Ẹ tún lè gba ọ̀nà mìíràn tó yangàn díẹ̀: "She is on the staff of the college" tàbí "She joined the staff in 2019". Ìwọ̀nyí dára púpọ̀ nínú ìtàn ìgbésí ayé kúkúrú tí wọ́n máa ń kà ní ibi ayẹyẹ, níbi tí "member of staff" ti lè dà bí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì jù.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi léèrè, n kò ní lo "staff" rárá nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa ara mi nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́. "I am a staff of a microfinance bank" kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá akáwó ni ènìyàn tàbí awakọ̀. "I am a cashier at a microfinance bank" sọ ọ́ tán, kò sì ní àṣìṣe kankan nínú. Orúkọ iṣẹ́ gan-an ló máa ń dára jù. Bí kò bá sì yẹ láti dárúkọ iṣẹ́, "employee" wà níbẹ̀, "an employee of the bank" kò sì lè ṣini lọ́nà.

Àwọn àpólà kan tún wà tí a máa ń lò káàkiri. "Ex-staff" yẹ kó di "a former member of staff" tàbí "a former employee". "My co-staff" àti "my fellow staff" kò ju "my colleague" lọ. "Every staff" àti "each staff" sì ni èyí tó máa ń farapamọ́ jù, nítorí pé kò sí "a" àti "s" níbẹ̀ tí ojú lè tètè rí. "Every staff must sign the register" kò tọ̀nà, nítorí pé "every" ń béèrè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, "staff" kì í sì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ "Every member of staff must sign the register", tàbí kí ẹ gé e kúrú sí "All staff must sign the register".

Kí ẹ má sì rò pé "a staff" jẹ́ èèwọ̀ níbi gbogbo. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ náà lódindi, tí ẹ sì fẹ́ sọ bí ó ṣe tóbi tó tàbí irú èyí tí ó jẹ́, "a" náà tọ̀nà: "The school has a staff of forty", "The clinic has a small but competent staff". Níhìn-ín, ẹgbẹ́ kan ni "a" ń tọ́ka sí. Mo ti rí olóòtú tó fi gègé pupa fa irú èyí rẹ́ nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọ pé "a staff" kò dára. Ìtara láìsí ìmọ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí ẹ bá fẹ́ ka iye

Ẹ ka àwọn ènìyàn inú rẹ̀: "three members of staff" tàbí "three staff members". Lẹ́tà "s" máa ń bọ́ sára "member", kì í bọ́ sára "staff".

Ẹ ó rí i nínú ìwé ìròyìn Bírítéènì pé wọ́n máa ń kọ irú gbólóhùn bíi "The company will lay off 200 staff", níbi tí nọ́ńbà ti dúró ṣáájú "staff" ní tààràtà. Wọ́n gba èyí, pàápàá bí iye náà bá pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí "s" níbẹ̀ síbẹ̀. "One staff" ni kò sí ẹni tó gbà. Bí iye náà bá kéré, bíi méjì tàbí mẹ́rin, "members of staff" ni mo rò pé ó dùn ún gbọ́ jù.

Nítorí pé ènìyàn ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, "many" àti "few" ni a ń lò mọ́ ọn. Ìbéèrè tó tọ̀nà ni "How many staff do you have?", kì í ṣe "How much staff". Bákan náà, "one of the staff" kò burú, "some of the staff" kò sì burú, ṣùgbọ́n "one of the staffs" tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ka ìròyìn pàápàá kò tọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọ̀rọ̀-ìṣe wo ló yẹ kó tẹ̀ lé e?

Ibí yìí ni Bírítéènì àti Amẹ́ríkà ti pínyà. Ní Bírítéènì, wọ́n máa ń wo àwọn ènìyàn inú ẹgbẹ́ náà, nítorí náà wọ́n ń kọ "The staff are on strike". Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí odidi kan ni wọ́n sábà ń wò, wọ́n sì ń kọ "The staff is on strike". Méjèèjì tọ̀nà. Ohun tí kò tọ̀nà ni kí ènìyàn mú ẹsẹ̀ kan síbí, kí ó mú èkejì sọ́hùn-ún nínú ìwé kan náà. "The staff has received their salaries and are happy" bẹ̀rẹ̀ bí ará Amẹ́ríkà, ó sì parí bí ará Bírítéènì. Ẹ kọ "The staff have received their salaries and are happy", kí gbólóhùn náà lè dúró lójú kan.

Ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ náà gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀-ìṣe lọ. Bí ẹ bá lo "are", "they" àti "their" ni yóò tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá lo "is", "it" àti "its". Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba àwọn tó ń kọ̀wé ní Nàìjíríà, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé ti bá ti Bírítéènì tan jù, nímọ̀ràn pé kí wọ́n di "are" mú: ènìyàn ni a ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, "their" sì máa ń yọ síni lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀. "All staff are" náà kò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìgbà tí "staffs" tọ̀nà

Ó tọ̀nà nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ju ẹyọ kan lọ, tí ibi iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀ síra. Bí olùkọ́ ilé ìwé méjì bá ṣe ìpàdé pọ̀, "The staffs of the two schools met on Monday" kò ní àléébù. Bí ẹ bá fẹ́ yẹra fún àríyànjiyàn, ẹ lè kọ "Staff from the two schools met on Monday".

Ó tún tọ̀nà nígbà tí "staff" bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí tó túmọ̀ sí láti fi òṣìṣẹ́ sí ibì kan tàbí láti jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀. "The agency staffs three clinics" jẹ́ gbólóhùn tó péye. "S" tó wà níbẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú èyí tó wà nínú "runs" tàbí "owns". Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni a ti rí "The clinic is understaffed" àti "We are short-staffed today", tó wúlò gidigidi fún ẹni tó ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀gá pé iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ.

Ibi kẹta ni ibi tí "staff" bá ti jẹ́ ọ̀pá, èyí tí n óò dé láìpẹ́.

Nígbà tí "staff" bá dúró ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ mìíràn láti ṣàpèjúwe rẹ̀, kò gba "s" rárá: "staff room", "staff quarters", "staff meeting", "staff bus", "staff school". "Staffs meeting" tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde kò tọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ohun tó jẹ́ tiwọn, "the staff's welfare" dára, "staff welfare" sì tún rọrùn jù ú lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí tó wà nítòsí lè wo orúkọ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì wa. ASUU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ni Academic Staff Union of Universities. SSANU ni Senior Staff Association of Nigerian Universities. "Non-Academic Staff" ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ NASU. Ọmọ ẹgbẹ́ wọn kò lóǹkà, síbẹ̀ kò sí "s" kan ṣoṣo lára "Staff" nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbàkígbà tí ìyanṣẹ́lódì bá tún bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo bánà wọn dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọ̀pá, ológun àti ọ́fíìsì gómìnà

Ọ̀pá ni "staff" kó tó di òṣìṣẹ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, igi gígùn tí ènìyàn fi ń ti ilẹ̀ rìn tàbí tó fi ń gbèjà ara rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1700 ni Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwọn ọ̀gágun tó yí olórí ogun ká, tí wọ́n ń bá a gbèrò; ọ̀pá tí olórí ń mú dání gẹ́gẹ́ bí àmì àṣẹ ni wọ́n gbà pé ó so ìtumọ̀ méjèèjì pọ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó wá tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lásán.

Àwa Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ọ̀pá tó dúró fún àṣẹ. Lẹ́yìn tí àwọn afọbajẹ bá ti yan ọba, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i, gómìnà tàbí aṣojú rẹ̀ ni yóò gbé ọ̀pá àṣẹ lé e lọ́wọ́, "staff of office" sì ni orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì: "The governor presented the staff of office to the new king." Ọ̀pá kan ṣeé kà, nítorí náà "a staff" tọ̀nà níhìn-ín láìsí àní-àní. Bí ọba méjì bá gba tiwọn lọ́jọ́ kan náà, ẹ kọ "their staffs of office". Ọ̀pọ̀ mìíràn tí "staff" ní bí ó bá jẹ́ ọ̀pá ni "staves", èyí tó ti gbó díẹ̀. Ìtumọ̀ ọ̀pá yìí náà ni ó máa ń mú kí "I am a staff" pa ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dénú lẹ́rìn-ín, nítorí pé ó lè dà bí ẹni pé olùkọ̀wé ń pe ara rẹ̀ ní igi.

Ìlà márùn-ún tí àwọn olórin ń kọ àmì ohùn sí náà ń jẹ́ "staff". "Stave" ni wọ́n sábà ń pè é ní Bírítéènì.

Ti ológun ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò. "Chief of Army Staff", "Chief of Naval Staff", "Chief of Air Staff" àti "Chief of Defence Staff" kò gba "s" ní ìparí. Bí wọ́n bá pọ̀, "Chief" ni yóò gbà á: "Chiefs of Staff". Láàrin 1984 àti 1985, Tunde Idiagbon, ọmọ Ìlọrin, ni Chief of Staff, Supreme Headquarters, òun ni igbá-kejì nínú ìjọba Buhari. Ìtumọ̀ oyè náà kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹni tó ń mójú tó owó oṣù àti ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́. Lónìí, àwọn gómìnà náà ní Chief of Staff, ọ́fíìsì gómìnà sì ni onítọ̀hún ń darí. Ẹni tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ń jẹ́ Head of Service. Ọ̀tọ̀ ni oyè méjèèjì, kí ẹni tó ń kọ ìwé sí ìjọba má ṣe fi ọ̀kan pe èkejì.

Ìgbésẹ̀ keje: Sípẹ́lì àti pípè

"Stuff", tó túmọ̀ sí nǹkan tàbí ẹrù, ni ó máa ń gba ipò "staff" jù lọ nínú ìwé wa. Kọ̀ǹpútà kò ní fa ìlà pupa sí i, nítorí pé òun náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tó dúró lórí ara rẹ̀. "The principal will address all the stuff at noon" ti sọ àwọn tíṣà di ẹrù. Ní ti pípè, "staff" ní Gẹ̀ẹ́sì Bírítéènì ń fa "a" gùn, bíi "àà" tiwa, nígbà tí "stuff" jẹ́ ohùn kúkúrú tí ọ̀pọ̀ wa ń pè bí "ọ". Bí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ń pe "staff", kò yàtọ̀ sí "staph", orúkọ ìnagijẹ kòkòrò àìsàn tí wọ́n ń polówó oògùn rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà; nọ́ọ̀sì tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní láti fi ìyókù gbólóhùn mọ èyí tí ó ń sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Títún lẹ́tà kan ṣe

Ẹ jẹ́ kí a wo lẹ́tà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ fún àpẹẹrẹ:

"I am a staff of the above-named school. Last Friday, two staffs were absent, so every staff on duty had to take extra classes. The staffs is asking the principal to employ more stuff."

Nínú gbólóhùn kìíní, ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú èkejì, ọmọ ẹgbẹ́ méjì ni kò wá, kì í ṣe ẹgbẹ́ méjì, "every" sì nílò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ní àṣìṣe mẹ́ta: ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni, nítorí náà "s" kò yẹ ẹ́, "staffs" tó ní "s" kò lè bá "is" jókòó, "stuff" sì jẹ́ ẹrù. Bí a bá tún un ṣe, yóò rí báyìí:

"I am a teacher at the above-named school. Last Friday, two members of staff were absent, so everyone on duty had to take extra classes. The staff are asking the principal to employ more teachers."

Ẹ kíyè sí i pé "staff" kò ju ìgbà méjì lọ nínú èyí tí a tún ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ìdajì ìṣòro ni pé olùkọ̀wé ń lò ó níbi tí "teacher", "nurse", "driver" tàbí "everyone" ti yẹ kó wà.

Nígbà tí ẹ bá parí ìwé tiyín lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl àti F papọ̀, kí ẹ wá "staffs". Bí kò bá jẹ́ ti ibi iṣẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ, tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe, tàbí ọ̀pá, ẹ yọ "s" rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá "a staff", kí ẹ wò ó bóyá "of" pẹ̀lú iye ènìyàn ló tẹ̀ lé e tàbí orúkọ iléeṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́, ẹ yí i padà. Ẹ wá "every staff", "each staff" àti "one staff" bákan náà. Kí ẹ wá fi "stuff" parí rẹ̀.